Aṣọ Ojú Ìyá Àká

Òkúta àkọ́kọ́ ba Olùbéèrè ní èjìká, bí a bá lè pe ibẹ̀ ní èjìká. Ó dún gbàà, ó sì já sínú omi oko. Ẹ̀rọ náà dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó yí orí, ó wo Bi Onah tó ju òkúta náà.

"Òkúta kan," ni ó wí, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ tí wọ́n fi sí i lẹ́nu nílùú ńlá. "Ẹ kú àárọ̀, ìyá wa. Ṣé òmíràn ṣì wà lọ́wọ́ yín?"

"Ó wà!" ni Bi Onah dáhùn, ó sì ju òmíràn. Obìnrin náà ti lé ní àádọ́rin ọdún, orúnkún rẹ̀ kò sì fẹ́ gbé e mọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè kọ́ ọ ní òkúta jíjù ní Cipahitan. Eléyìí ba gíláàsì ojú ẹ̀rọ náà gan-an. Gíláàsì náà kò fọ́, ó kàn sán díẹ̀ létí.

Àwọn ará abúlé dúró sẹ́yìn Bi Onah lójú ọ̀nà tóóró tó gba àárín oko ìrẹsì kọjá, arúgbó lọ́kùnrin lóbìnrin, ọkọ́ àti àdá lọ́wọ́ wọn. Nísàlẹ̀ òkè, lẹ́bàá odò, ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́ta tí kò ní awakọ̀ dúró sínú oòrùn. Àwọn èèyàn wà nínú wọn, lẹ́yìn àwọ̀n irin. Láti òkè, a kò rí ojú wọn, àfi ìka ọwọ́ tí wọ́n fi di àwọ̀n náà mú.

"Ẹ jẹ́ kí n ka àpèjúwe abúlé yín fún yín," ni Olùbéèrè wí, "kí ẹ tún mi ṣe bí mo bá ṣì í. Cipahitan. Abúlé àgbẹ̀, lórí òkè, ní ìwọ̀-oòrùn erékùṣù Java. Iṣẹ́ wọn ni ìrẹsì, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Wọn kì í tà á. Wọn kì í fi ẹ̀rọ bó èèpo rẹ̀. Ilé onípákó ni ilé wọn, ewé ọ̀pẹ ni òrùlé. Iná mànàmáná: wọ́n kọ̀ ọ́. Ilé ìwé: ó ti kú. Ọmọdé: kò sí. Ìwà sí àlejò..." Ẹ̀rọ náà wo àdá ọwọ́ wọn. "Kò dára."

"Kò dára rárá," ni Abah Ukanda dá a lóhùn. "Kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò dára rárá."

Abah ni wọ́n ń pe olórí abúlé níbẹ̀, ìyẹn ni bàbá. Ukanda kúrú, ó gbẹ, ó so gèlè dúdú mọ́rí bí àwọn baba ńlá rẹ̀ ti ń ṣe, ó sì kórìíra àlejò tọkàntọkàn. Kò fi bò. Láti ìgbà tí òkun ti jẹ etí ilẹ̀ níhà àríwá, tí Demak àti àwọn ìlú ẹgbẹ́ rẹ̀ ti di ibùgbé ẹja, ló ti ń lé ọkọ̀ akẹ́rù padà nísàlẹ̀ òkè yìí. Kò sì tíì pàdánù rí.

"Òfin Àjọjẹ sọ," ni ẹ̀rọ náà tún wí, "pé abúlé tí ìrẹsì rẹ̀ bá ju ẹnu ará ilé lọ yóò gba àwọn tí òkun lé kúrò nílé. Òfin kan náà ló ní kí n má ṣe wọ ibi ọ̀wọ̀. Nítorí náà, ẹni tó ń wọ ibẹ̀ ni n ó bi léèrè. Ìyá Àká dà?"

Gbogbo wọn yíjú sí Wartini.

Wartini jẹ́ opó, ó sún mọ́ ọgọ́ta ọdún. Ìyàwó ló wá ṣe ní Cipahitan, láti Demak, nígbà tí Demak ṣì jẹ́ ilẹ̀. Ó gbin ìrẹsì pẹ̀lú wọn, ó sin ọkọ rẹ̀ sáàárín wọn, síbẹ̀ "ará omi" ni wọ́n ń pè é títí dòní. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló fi ipò Ìyá Àká sílẹ̀ fún un, torí pé ìyàwó àkọ́bí ni ipò náà ń kàn. Bi Onah, tí í ṣe àbúrò ìyá ọkọ náà, kò tíì dárí jì í. Ó ní ṣé àwọn ará òkè ti kú tán ni, tí ará omi fi di aṣọ mọ́jú?

Aṣọ yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ rọ̀ mọ́. Ní Cipahitan, a kì í wo Nyi Pohaci, ìyá ìrẹsì, nínú yàrá rẹ̀. Àká ni yàrá rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń wọ ibẹ̀, yóò sì fi aṣọ dúdú di ojú kó tó gun àkàbà. Ìtí ìrẹsì tí ọwọ́ rẹ̀ bá kọ́kọ́ bà ni yóò gbé jáde. Bí wọ́n bá kórè, wọn yóò nawọ́ ìtí tuntun sí i lẹ́nu ọ̀nà, yóò sì tì í sínú láìwò. Ẹnikẹ́ni kì í ka ìrẹsì náà, torí ẹni tó bá ń ka ohun tí ìyá fún un, ìyá ló ń fura sí.

Abah Ukanda súnmọ́ Wartini, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Bí ti àtẹ̀yìnwá ni, Ìyá Àká. Òtítọ́ ni kí o sọ." Ó sì rẹ́rìn-ín sínú irùngbọ̀n.

Ó yẹ kó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rọ náà ní àwo gíláàsì kan tí í máa yọ láti àyà rẹ̀. Ẹni tó bá ń dáhùn yóò gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e. Bó bá sọ òtítọ́, àwo á funfun. Bó bá purọ́, àwo á pọ́n, òfin á sì gbà pé ó ń fi ìrẹsì pamọ́. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń bi Ìyá Àká pé báwo ni ìrẹsì ti pọ̀ tó, lọ́dọọdún ló sì ń dáhùn pé òun kò mọ̀, ojú òun kò rí inú àká rí. Lọ́dọọdún ni àwo ń funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Ẹ̀rọ kò ní ẹ̀rí, ọkọ̀ á sì yí padà. Òtítọ́ ni Cipahitan fi ń ti ilẹ̀kùn mọ́ àlejò, inú wọn sì ń dùn sí i ju irọ́ lọ.

Ṣùgbọ́n ti ọdún yìí yàtọ̀ fún Wartini, nítorí ó ti wo inú àká.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni. Ó gun àkàbà, ó wọlé, ó na ọwọ́. Ọwọ́ rẹ̀ kò ba nǹkan kan. Ó tún tẹ̀síwájú, ó nà án títí, pákó ló bà. Láti ọjọ́ tó ti ń wọ ibẹ̀, irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Ẹ̀rù bà á débi pé kò ronú. Ó fa aṣọ ojú rẹ̀ wálẹ̀.

Àká ṣófo. Ìgbẹ́ eku ló wà nílẹ̀, àti èèpo ìrẹsì tí kòkòrò ti jẹ inú rẹ̀ tán. Ní igun kan péré ni àwọn ìtí wà, èyí tí wọ́n fi okùn dúdú so, irúgbìn tí a kì í jẹ. Bí Wartini ti dúró níbẹ̀ ni ojú rẹ̀ là sí gbogbo rẹ̀. Àwọn ọmọ ti lọ sílùú, àwọn arúgbó kò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́, ìdajì oko orí òkè ti di igbó. Lọ́dọọdún ni ìtí tí wọ́n ń nà sí i ń dín kù, lọ́dọọdún ni ó sì ń gbé jáde bí ti tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá sì sọ pé ìkórè kò dára, wọn á ní, "Àká wà." Bí ebi bá fẹ́ dé, "Àká wà." Gbogbo wọn gbára lé ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wò.

Ó tú okùn dúdú lára ìtí irúgbìn kan, ó tọ́jú okùn náà sí ìdí ìró rẹ̀, ó gbé ìtí náà sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n gún un, wọ́n sè é, wọ́n jẹ ẹ́. Bi Onah tilẹ̀ ní ìrẹsì ọjọ́ náà dùn.

Bójú bá rí, ẹnu a dákẹ́. Wartini ìbá sì dákẹ́ títí láé, bí kì í bá ṣe ohun tó bá pàdé lódò ní àárọ̀ yìí.

Ó lọ pọn omi nígbà tí àwọn ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Kò fẹ́ wo àwọn èèyàn inú wọn. Ó ti kọ́ bí èèyàn ṣe ń gbójú kúrò lára wọn. Ohùn kan ló pè é láti inú àwọ̀n. "Mbakyu!"

Báyìí ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin ní Demak. Kò sẹ́ni tó pè é bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ wá. Ó gbójú sókè, ó rí ọkùnrin kan tó rù, tí eyín iwájú rẹ̀ kan ti kán. Karmidi ni, àbúrò rẹ̀, tí Wartini ti gbà pé ó bómi lọ.

"Karmidi! O wà láàyè?"

"Mo wà, Mbakyu. Ṣùgbọ́n bí òkè yìí kò bá gbà wá, Ilé Orí Omi ló kàn." Ilé Orí Omi ni àwọn ọkọ̀ ojú omi pẹlẹbẹ tí wọ́n so pọ̀ lójú òkun, níbi tí wọ́n ti ń gbin ewé òkun. Àwọn tó bá lọ síbẹ̀ kì í pẹ́. "Ìyá kú síbẹ̀."

"Ìyá ti kú lábúlé kó tó di pé ilẹ̀ rì. Wọ́n ránṣẹ́ sí mi."

"Wọ́n purọ́, kí ọkàn yín lè balẹ̀ ni. Ìyá wà nínú ọkọ̀ tó wá síbí lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ẹni tó bá a wà níbẹ̀ ló sọ fún mi. Ó ń na ọwọ́ sí òkè, ó ń sọ fún gbogbo èèyàn pé, 'Ọmọ mi wà níbẹ̀ yẹn, wọn yóò gbà wá.' Ìgbà tí ọkọ̀ yí padà, kò sọ̀rọ̀ mọ́." Karmidi fi iwájú orí ti àwọ̀n. "Ta ló sọ pé kò sí àyè?"

Wartini mọ ẹni náà. Òun ló sọ ọ́. Ọwọ́ tirẹ̀ ló wà lórí àwo lọ́dún náà, òtítọ́ ló sì sọ. Ó gbé garawa rẹ̀, ó gun òkè padà, omi ń dà sí i lẹ́sẹ̀, inú sì ń bí i débi tí kò fi mọ̀ pé ó ń sọ̀rọ̀ sókè. Ó bínú sí Abah, ó bínú sí Bi Onah, ó bínú sí aṣọ dúdú ọrùn rẹ̀. Ara rẹ̀ ló bínú sí jù.

Ní báyìí, àwo ti yọ láti àyà ẹ̀rọ.

"Ẹ gbé ọwọ́ lé e, ìyá wa," ni Olùbéèrè wí.

Ó gbé e lé e. Gíláàsì náà tutù. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, Wartini sì ń rí ọ̀nà tó wà níwájú rẹ̀ kedere. Bó bá sọ pé àká ṣófo, òtítọ́ ni, àwo á funfun, Karmidi á lọ kú sójú omi bí ìyá rẹ̀. Bó bá sọ pé àká kún, àwo á pọ́n, ọkọ̀ á wọlé, ṣùgbọ́n àwọn tó di àdá mú lẹ́yìn rẹ̀ yìí kò ní jẹ́ kí ó rí ọ̀la. Bó bá sì sọ ohun tí Abah ní kó sọ gẹ́lẹ́...

Àmọ́ kí ni wọn yóò jẹ? Èyí ló ń gún un lọ́kàn. Ọkọ̀ mẹ́ta èèyàn, tí ebi ti ń pa láti ọ̀nà, ni yóò kó wá bá abúlé tí kò ní oúnjẹ, ẹnikẹ́ni kò sì mọ̀ bí kò ṣe òun. Ó lè jẹ́ pé ikú kan náà ni, tí ọ̀nà rẹ̀ kàn yàtọ̀. Ó wo oko orí òkè tí igbó ti bò, àtẹ̀gùn lórí àtẹ̀gùn títí dé ibi ìkùukùu, kò sí ọwọ́ kan nínú wọn. Ó wo Bi Onah tó ń fọwọ́ tẹ orúnkún.

"Báwo ni ìrẹsì inú àká ti pọ̀ tó?"

"N kò mọ̀," ni Wartini wí, ó sì sọ ọ́ ketekete kí gbogbo abúlé lè gbọ́. "Ojú mi kò rí inú àká rí."

Àwo náà pọ́n.

Kò pọ́n díẹ̀díẹ̀. Ó pọ́n fòò, tí pupa rẹ̀ fi kun ọwọ́ Wartini títí dé ìgúnpá.

"Irọ́," ni ẹ̀rọ náà wí, jẹ́jẹ́. "Mo kẹ́dùn. Cipahitan yóò gba àlejò."

"Ẹ̀rọ ọ̀hún ti bàjẹ́!" ni ọkùnrin kan ké lẹ́yìn. "Ohun tó ń sọ lọ́dọọdún náà ló sọ! Gbogbo wa la gbọ́!"

"Ojú rẹ̀ ti sán! Ẹ ò rí i? Ta ló ju òkúta lu ojú rẹ̀?"

Ni gbogbo wọn bá kọjú sí Bi Onah. Arúgbó náà wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. "Èmi?" ni ó wí. "Mo fẹ́ lé e ni. Gbogbo wa la fẹ́ lé e!" Wọ́n bú u. Àwọn tó jọ dàgbà pẹ̀lú rẹ̀ bú u bí ẹní bú olè, ó sì jókòó sínú ẹrẹ̀, ó ń sunkún. Wartini wò ó. Ó mọ̀ pé ó yẹ kí àánú ṣe òun, ó sì ṣe é, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí wọ́n máa bú u lọ.

Àwọn ọkọ̀ gun òkè wá. Àwọ̀n ṣí, àwọn èèyàn bọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyá, bàbá, ọmọ tí wọ́n pọ̀n sẹ́yìn. Ọmọ! Wọ́n dúró sínú ẹrẹ̀, wọn kò mọ ibi tí wọn yóò tẹ̀. Àwọn ará òkè na ọkọ́ àti àdá síwájú bí ọgbà. Karmidi ṣe bí ẹni fẹ́ sáré wá, Wartini sì fojú sọ fún un pé kó dúró. Ẹ̀rọ náà yí padà.

"Ìwọ! Kí ni wọ́n máa jẹ?" ni Abah Ukanda pariwo tẹ̀lé e.

"Ohun tí ẹ̀yin ń jẹ, bàbá," ni Olùbéèrè dáhùn láìbojú wẹ̀yìn. "Bí òfin ti sọ nìyẹn." Ó sì bá tirẹ̀ lọ pẹ̀lú àwọn ọkọ̀ rẹ̀.

Nígbà náà ni Abah di Wartini lápá mú, ó fà á lọ sẹ́yìn òpó àká, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè gbọ́ wọn. Gèlè rẹ̀ ti tú díẹ̀.

"Ẹ̀rọ yẹn kò bàjẹ́," ni ó wí.

"Kò bàjẹ́, Abah."

"Ọ̀rọ̀ kan náà lo sọ. Àwo yẹn kò lè pọ́n, àfi bí..." Ó gbé ọwọ́ sókè láti gbá a létí. Ọwọ́ náà dúró lókè. "Ìyá wa ni o wò. Ará omi! A fi ọ́ ṣe aya ilé, a fún ọ ní aṣọ, o sì lọ wo ìyá wa níhòòhò."

"Mo wò ó."

Abah sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó wo ilẹ̀kùn àká lókè orí wọn, tí òun náà kò kọjá ẹnu rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí. "Kí lo rí?"

Wartini ki ọwọ́ bọ ìdí ìró rẹ̀, ó fa okùn dúdú náà jáde, ó gbé e lé e lọ́wọ́. Abah ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ so irúgbìn lọ́dọọdún. Ó mọ okùn rẹ̀ bí ẹni mọ ọmọ rẹ̀. Ó yí okùn náà sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

"Èyí tí a jẹ lọ́sẹ̀ tó kọjá?"

"Òun ni, Abah."

"Irúgbìn la jẹ." Ó fẹ̀yìn ti òpó. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tí Abah kankan kò sọ rí nípa ìrẹsì ní Cipahitan. "Ó ku mélòó?"

"Ó tó gbìn sí gbogbo oko, títí dé òkè pátápátá. Kò tó ikùn. Bí a bá jẹ ẹ́, a ó parí rẹ̀ kí òjò tó dé."

"O mọ̀ bẹ́ẹ̀, o sì kó ẹnu wá bá wa?"

"Ọwọ́ ni mo kó wá bá yín," ni Wartini wí. Omijé ti ń dà lójú rẹ̀, kò sì nù ún. "Ta ni yóò gbìn ín, Abah? Ẹ̀yin? Bi Onah? Ẹ ní igbágùúdá nínú ọgbà, ẹ ní ẹ̀fọ́. A ó fi pa ẹnu dà títí ìrẹsì yóò fi gbó, tàbí kí gbogbo wa kú pọ̀. Àmọ́ èmi kò tún ní dá ọkọ̀ padà. Ẹ pa mí, bó bá wù yín."

Ìkórìíra ojú Abah kò dín kù. Ó ká okùn náà, ó fi sínú gèlè rẹ̀, ó tún gèlè náà so dáadáa, ó sì jáde sí gbangba.

Ìhà méjèèjì ṣì dúró bí ó ti fi wọ́n sílẹ̀, ará òkè lápá kan, ará omi lápá kejì. Ó gba ọkọ́ lọ́wọ́ ẹni tó sún mọ́ ọn jù, ó sì rìn títí dé iwájú àwọn àlejò.

"Ẹnikẹ́ni kò pè yín," ni ó wí. "Bó bá jẹ́ tèmi ni, ẹ̀ bá wà lójú omi báyìí. Ta ló mọ ìrẹsì gbìn nínú yín?"

Wọ́n wo ara wọn. Apẹja ni wọ́n, àti alágbàfọ̀, àti ẹni tó ń tún rédíò ṣe. Ọmọ kan bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ìyá rẹ̀ sì fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. Ojú Abah ti ń le sí i nígbà tí ọwọ́ kan nà sókè láti ẹ̀yìn.

"Èmi mọ̀ ọ́n, bàbá," ni Karmidi wí. "Láti kékeré."

Karmidi kò gbin ata rí láyé rẹ̀. Inú ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n tọ́ ọ dàgbà, ẹja ló mọ̀. Wartini wo ìsàlẹ̀ òkè, ibi tí ẹ̀rọ náà ti ń lọ pẹ̀lú àwo rẹ̀, ó ti jìnnà gan-an, kò sí ohun tí yóò pọ́n mọ́.

Abah ju ọkọ́ náà síwájú rẹ̀. Karmidi bẹ̀rẹ̀, ó gbé e, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú bí ẹni di àjẹ̀ mú, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, ó múra àtiwa ọkọ̀. Bi Onah rí i láti inú ẹrẹ̀ tó jókòó sí, ó sì la ẹnu láti kígbe.

Abah náà rí i. Ó wo ọwọ́ Karmidi, ó wo Wartini, ó sì pa ojú rẹ̀ méjèèjì dé gbọnyin, bí ẹni tó fẹ́ gun àkàbà àká.

"Ó dáa," ni ó wí. "Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti oko òkè."